Ìdáríjì kọ́ ni wọ́n béèrè: Ọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́ ológun ojú omi ní Port Chicago

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè wa tí ẹni tó gbọ́ èdè kì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì: ìdáríjì àti ìdáláre. Ẹni tó jẹ̀bi là ń dárí jì, ẹni tí kò jẹ̀bi là ń dá láre. Bí a bá wá sọ fún ẹni tí kò ṣẹ̀ pé a ti dárí jì í, ẹnu ara wa la fi sọ pé ó ṣẹ̀. Joseph Small, ọ̀kan nínú àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n dá lẹ́bi ọ̀tẹ̀ ní ọdún 1944, mọ ìyàtọ̀ yìí ní èdè tirẹ̀. Nígbà tó ti di àgbàlagbà, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ pé kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù láyé tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ìjọba, ó kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé lójú tirẹ̀, ẹni tó bá tọrọ ìdáríjì ti gbà pé òun dẹ́ṣẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n fagi lé ìdájọ́ náà. Ó kú ní ọdún 1996, ìdájọ́ náà kò sì tíì kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀ràn tó kó Small sí wàhálà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó dé lónìí. Ó jẹ́ ọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ ìyá wọn, tí wọ́n wọ iṣẹ́ ológun ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n kó wọn sí ìdí àdó olóró láìkọ́ wọn ní bí a ṣe ń gbé e, tí àdó náà pa igba àti méjì nínú wọn ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì pe àwọn tó kù ní ọlọ̀tẹ̀ nítorí pé ẹ̀rù bà wọ́n láti padà sídìí iṣẹ́ kan náà.

Kí ọdún 1942 tó dé, ìdí oúnjẹ ni iléeṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ń fi àwọn aláwọ̀ dúdú tó bá gbà sí. Wọ́n á máa se oúnjẹ, wọ́n á máa gbé e fún àwọn ọ̀gá aláwọ̀ funfun, wọ́n á máa fọ àwo, wọ́n á sì máa tún yàrá àwọn ọ̀gá náà ṣe. Oṣù kẹfà ọdún 1942 ni wọ́n tó gbà pé kí aláwọ̀ dúdú lè wọlé fún iṣẹ́ mìíràn, àwọn ọ̀dọ́ sì ya lọ forúkọ sílẹ̀. Great Lakes ní ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n ti kọ́ wọn, nínú àgọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn nìkan, tí wọ́n sì fi orúkọ Robert Smalls pè. Ẹni tó bá mọ ìtàn Robert Smalls á mọ ìdí tí orúkọ yẹn fi yẹ kó dùn ún. Ẹrú ni ọkùnrin náà ní Charleston. Ní ọdún 1862, òun àti àwọn ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọkọ̀ ojú omi mọ́ àwọn tó ń jà kí oko ẹrú má bàa parun lọ́wọ́, ó tu ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kọjá níwájú ìbọn wọn, ó sì fi gbé ẹbí rẹ̀ dé ibi òmìnira. Orúkọ atukọ̀ akọni yìí ni wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà àgọ́ àwọn ọmọ tí wọn kò ní í jẹ́ kí wọ́n tu ọkọ̀ kankan.

Àwọn ọmọ náà rò pé ojú òkun làwọn ń lọ. Port Chicago ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, ìlú kékeré kan ní etí omi Suisun Bay ní ìpínlẹ̀ California, tí kò ju bíi máìlì 35 sí San Francisco. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ ológun ojú omi ti ń kó àdó olóró, ọta ìbọn ńlá àti àdó tó ń bú lábẹ́ omi sínú àwọn ọkọ̀ tó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń bá Japan jà ní òkun Pàsífíìkì. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbẹrù níbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1942. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti gbé ẹrù náà dé orí afárá èbúté, àwọn ọ̀dọ́ náà á fi ọwọ́ wọn já a. Wọ́n á yí àwọn àdó ńlá sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń yí àgbá epo, wọ́n á kó wọn sínú àwọ̀n, ẹ̀rọ agbérù á gbé àwọ̀n náà sókè, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀, níbi tí àwọn mìíràn ti ń dúró láti tò ó. Tọ̀sán tòru ni iṣẹ́ ń lọ, ọ̀wọ́ kan á bọ́ síbẹ̀ bí ọ̀wọ́ kan bá ti jáde. Small gan-an ló máa ń wa ẹ̀rọ agbérù fún ọ̀wọ́ tirẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ń gbẹrù jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Gbogbo ọ̀gá tó ń pàṣẹ jẹ́ aláwọ̀ funfun. Kò sí ẹni tó kọ́ àwọn agbẹrù ní ìlànà gbígbé àdó olóró, àwọn ọ̀gá tó ń darí wọn pàápàá kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa iṣẹ́ náà. Bí ọmọ kan bá bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè pé ṣé nǹkan yìí kò ní í bú gbàù, ìdáhùn tí wọ́n máa ń rí gbà ni pé kò lè bú, nítorí pé wọn kò tíì fi ohun tó ń tanná ràn án sí i. Ẹgbẹ́ àwọn dọ́kà, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ní èbúté San Francisco, tí àwọn mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó, kìlọ̀ fún iléeṣẹ́ ológun pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é máa mú ewu wá, wọ́n sì ní àwọn lè yọ̀ǹda àwọn tó mọṣẹ́ láti kọ́ àwọn ọmọ náà. Wọn kò dá wọn lóhùn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun tó ń bójú tó ààbò níbẹ̀ náà bá wọn sọ ọ́ títí, àwọn náà sì kúrò níbẹ̀.

Ohun tó burú jùlọ lójú mi ni ọ̀rọ̀ ìdíje. Àwọn ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n máa kó tọ́ọ̀nù 10 sínú ihò ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, èyí tó ju agbára àwọn agbẹrù náà lọ. Kápútẹ́ẹ̀nì Merrill Kinne, tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá ní Port Chicago, ní kí wọ́n máa kọ iye tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan kó sí ara pátákó kí gbogbo èèyàn lè rí i. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀gá kéékèèké fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́ lórí ọ̀wọ́ tó máa yára jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ọmọ ọdún 18 wà nínú ikùn ọkọ̀, àdó olóró ń rọ̀ sílẹ̀ lókè orí rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì dúró létí èbúté, ó ń sọ fún un pé kó yára nítorí owó tí òun fi ta tẹ́tẹ́. Yorùbá sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Port Chicago, àgbà wà lọ́jà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1944, ọkọ̀ méjì ló wà ní èbúté náà. E. A. Bryan ti ń gbẹrù fún ọjọ́ mẹ́rin, tọ́ọ̀nù 4,606 ohun ìjà ló sì ti wà nínú rẹ̀. Quinault Victory ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni, àwọn agbẹrù ṣì ń tún un ṣe sílẹ̀ ni. Nígbà tí aago 10 lu tó lé ìṣẹ́jú 18, ìró kan dún, iná là, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ni E. A. Bryan bú gbàù pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀. Ọkọ̀ náà fọ́ túútúú débi pé wọn kò rí èkúfọ́ rẹ̀ kan tó ṣe é dá mọ̀. Quinault Victory fò sókè, ó yí padà, ó sì já sínú omi ní ìdojúdé. Afárá èbúté tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,200 pòórá. Àwọn ẹ̀rọ tó ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ ní Berkeley gba ìró náà sílẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀ bá mì gan-an. Gbogbo ẹni tó wà lórí èbúté àti nínú ọkọ̀ méjèèjì ló kú, ẹnì kan kò yọ. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 320, aláwọ̀ dúdú agbẹrù sì ni 202 nínú wọn. Àwọn 390 mìíràn fara pa, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tó wà lórí ibùsùn nílé ìgbé wọn ní nǹkan bí máìlì kan síbẹ̀ nígbà tí gíláàsì fèrèsé já wọlé bá wọn. Àwọn kan fọ́jú ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ tó kù láyé ni wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣa àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ. Ẹsẹ̀ kan níbí, orí kan lọ́hùn-ún, bàtà tí ẹsẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Òkú 51 péré ló pé tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè mọ ẹni tó ni wọ́n. Ìdílé tó kù kò rí ọmọ wọn sin. Àwa tí a mọ ohun tí ìsìnkú jẹ́ fún òbí, tí a mọ irú ẹkún tó wà nínú ilé tí wọ́n ti gbọ́ ikú ọmọ ṣùgbọ́n tí wọn kò rí òkú rẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa.

Lẹ́yìn èyí ni ìpatì bẹ̀rẹ̀, kò sì dúró de ìgbà tí ogun máa parí. Àwọn ọ̀gá aláwọ̀ funfun tó yè é gba ìsinmi ọjọ́ 30 kí wọ́n lè lọ sílé lọ fara balẹ̀. Àwọn agbẹrù béèrè irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, wọn kò fún wọn, títí kan àwọn tó ti ilé ìwòsàn dé. Ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú fún àwọn ìdílé òkú dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Dọ́là 5,000 ni iléeṣẹ́ ológun ojú omi dábàá fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí John Rankin, aṣòfin láti Mississippi, gbọ́ pé aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kú, ó ta kò ó, ó ní kí wọ́n gé e sí 2,000. Níkẹyìn, 3,000 ni wọ́n fẹnu kò sí. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pe èyí ju pé wọ́n fi àwọ̀ ara díye lé òkú.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí kan jókòó láti mọ ohun tó fa ìbúgbàmù náà. Ó gbọ́ ẹ̀rí láti ẹnu èèyàn 125; aláwọ̀ dúdú márùn-ún péré ló wà nínú wọn, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ni ọwọ́ wọn kan àdó náà lójoojúmọ́. Wọn kò rí ohun tó fà á gan-an, kò sì sí ọ̀gá kankan tí wọ́n dá lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ wá sókè, wọ́n sì fi ọwọ́ kékeré mú un.

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ikú náà, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, wọ́n pàṣẹ fún àwọn tó kù pé kí wọ́n lọ kó ohun ìjà sínú ọkọ̀ mìíràn tó wà ní Mare Island, lẹ́bàá ìlú Vallejo. Wọn kò tíì kọ́ wọn ní nǹkan tuntun. Àwọn ọ̀gá kan náà ló ṣì ń pàṣẹ. Àwọn ọmọ náà tò, wọ́n ń yan bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé oríta tí àṣẹ sì dún pé kí wọ́n yà sí apá òsì, síbi tí ọ̀nà èbúté wà, ìlà náà dúró gbọin. Ẹ̀rù ló dá wọn dúró. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sọ ni pé àwọn á ṣe iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n bá ní kí àwọn ṣe, pé àwọn á tilẹ̀ lọ sójú ogun, ṣùgbọ́n àwọn ń bẹ̀rù àdó yẹn. Nínú àwọn 328 tí wọ́n pàṣẹ fún, 258 ló kọ̀.

Wọ́n kó àwọn 258 náà sínú ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan tó so mọ́ èbúté, níbi tí wọ́n ti há mọ́ ara wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Small, tó jẹ́ ẹni ọdún 23, tí àwọn tó kéré sí i sì ń bọ̀wọ̀ fún, pè wọ́n jọ ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n má ṣe bá àwọn ẹ̀ṣọ́ jà, kí wọ́n máa ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe, kí wọ́n sì ṣọ ara wọn. Ìpàdé yẹn ni agbẹjọ́rò ìjọba wá padà pè ní ìdìtẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Ádímírà Carleton Wright dúró níwájú gbogbo wọn lórí pápá ìṣeré, ó sì sọ fún wọn pé ikú ni ìjìyà ọ̀tẹ̀ nígbà ogun, àti pé ìbọn ni wọ́n máa yìn fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sunkún. Wọ́n gbà láti padà sẹ́nu iṣẹ́, àyàfi 44. Àwọn mẹ́fà mìíràn kún wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye wọn sì di 50.

Àwọn 208 tó kù, bí wọ́n ṣe ní àwọn á ṣiṣẹ́ yẹn náà, wọn kò bọ́. Wọ́n dá wọn lẹ́bi àìgbọràn, wọ́n gba owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n lé wọn pẹ̀lú ìwé ìwà burúkú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín ìjìyà náà kù nígbà tó yá. Àwọn 50 ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù àwọn ológun ní Treasure Island lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Ọ̀gá ológun méje, aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn, ló jókòó ṣe adájọ́. Ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ó sì parí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1944.

Agbẹjọ́rò wọn, Gerald Veltmann, ṣàlàyé ohun tí mo gbà pé ó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀ràn náà: pé àìgbọràn kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Ọlọ̀tẹ̀ ni ẹni tó bá àwọn ẹlòmíràn pète láti gba àṣẹ mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò gba ọkọ̀, wọn kò gbé ìbọn, wọn kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn ti kán lọ́rùn ọwọ́, kò lè gbẹrù bó tilẹ̀ fẹ́. Méjì nínú wọn jẹ́ agbọ́únjẹ tí wọ́n ti kà sí ẹni tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ ẹrù láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí náà wà lára àwọn ọlọ̀tẹ̀. Thurgood Marshall, agbẹjọ́rò NAACP nígbà náà, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, tó wá padà di adájọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà, jókòó wo ẹjọ́ náà fún ọjọ́ 12. Ó sọ fún gbogbo ayé pé iléeṣẹ́ ológun ojú omi fúnra rẹ̀ ló yẹ kó wà níbi tí àwọn ọmọ náà dúró sí. Ó béèrè ìdí tí wọ́n fi ti ìkìlọ̀ àwọn dọ́kà sẹ́yìn, ó béèrè ìdí tí wọn kò fi kọ́ àwọn ọmọ náà níṣẹ́. Ìṣẹ́jú 80 ni àwọn adájọ́ fi jíròrò. Bí a bá pín in fún àádọ́ta èèyàn, kò tó ìṣẹ́jú méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá gbogbo wọn lẹ́bi, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 15 pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Ádímírà Wright dín ti ọ̀pọ̀ wọn kù. Àwọn tó kéré jù gba ọdún 8.

Mo ti gbọ́ àwọn tó ní ogun ni ogun ń jẹ́, pé bí a bá jẹ́ kí sójà kọ àṣẹ nítorí ẹ̀rù, kò ní í sí ogun tí a lè jà. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀, mi ò sì fẹ́ fi ọwọ́ gbá a dànù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan: ìwà kan náà, ní ọjọ́ kan náà, ní oríta kan náà, kí ló sọ ọ́ di àìgbọràn lára 208, tó wá sọ ọ́ di ọ̀tẹ̀ lára 50? Kí ló sì dé tí ẹni tó fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́ kò fi ní ẹjọ́ kankan láti jẹ́?

Ogun parí ní ọdún 1945. Ní oṣù kìíní ọdún 1946, láìsí ariwo, wọ́n tú 47 nínú wọn sílẹ̀. Méjì wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì dá ẹnì kan dúró nítorí ìwà rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ sílé tààrà. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ lọ sí Pàsífíìkì kí wọ́n lè parí iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ wọn níkẹyìn, ìwé tí wọ́n fún ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ti ẹlẹ́gàn. Ṣùgbọ́n ìdálẹ́bi ọ̀tẹ̀ kò kúrò. Ẹ̀wọ̀n ti parí, orúkọ ṣì wà.

Ìgbà yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà ń ṣe dáadáa fún àwọn tó ti ogun dé. Òfin kan ti jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1944, oṣù kan péré kí Port Chicago tó bú, tó sọ pé ìjọba máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn, yóò sì ṣe onídùúró fún wọn láti yá owó kọ́lé tàbí dá òwò sílẹ̀. Òfin náà kò dárúkọ àwọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn báńkì àti àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ló kọjá. Ní Mississippi ní ọdún 1947, nínú ẹ̀yáwó 3,229 tí ìjọba ṣe onídùúró fún, méjì péré ló kan aláwọ̀ dúdú tó ti ogun dé. Bí ó bá rí báyìí fún aláwọ̀ dúdú tó ti ogun dé pẹ̀lú oyè láyà, kí ni ẹni tí wọ́n kọ ọ̀tẹ̀ sí orúkọ rẹ̀ máa fọkàn sí? Ọ̀pọ̀ nínú wọn panu mọ́. Wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ, wọ́n ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi darúgbó, àwọn ọmọ tí wọ́n bí kò sì mọ ohun tí ojú bàbá wọn rí. Ìtìjú tí kò tọ́ sí wọn ni wọ́n gbé pamọ́.

Ní àárín ìgbà yẹn, iléeṣẹ́ ológun ojú omi ti ń jẹ èso ohun tí àwọn ọmọ náà jìyà fún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláwọ̀ funfun náà sí iṣẹ́ gbígbé ohun ìjà, àti ní oṣù kejì ọdún 1946, ó mú gbogbo ìdènà kúrò fún àwọn aláwọ̀ dúdú, ọdún méjì kí Ààrẹ Truman tó pàṣẹ irú rẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ ológun. Àwọn tó san owó rẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti ń pín ọjà.

Ọdún 1994 ni iléeṣẹ́ náà tún ẹjọ́ wọn wò, nígbà tí àwọn aṣòfin fi dandan lé e. Wọ́n gbà pé ẹ̀tanú àwọ̀ ló gbé àwọn ọmọ náà dé ìdí àdó olóró, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀tanú kò sí nínú ẹjọ́ wọn, ìdájọ́ náà sì dúró. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ìyàtọ̀ láàárín ìdáríjì àti ìdáláre wá di ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti yàn fúnra rẹ̀. Small kọ ìdáríjì, mo ti sọ ìyẹn. Freddie Meeks, tó ń gbé ní Los Angeles, tọrọ rẹ̀, Ààrẹ Clinton sì fún un ní oṣù kejìlá ọdún 1999, nígbà tó jẹ́ ẹni 80 ọdún. Mi ò lè dá Meeks lẹ́bi rárá. Àgbàlagbà ni, ara rẹ̀ kò le mọ́, ó sì fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ìtàn náà kí òun tó lọ. Ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn méjèèjì ni pé wọ́n jẹ́ kí irú yíyàn bẹ́ẹ̀ wà níwájú wọn. Meeks kú ní ọdún 2003.

Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 2024, ọgọ́rin ọdún géérégé sí ọjọ́ ìbúgbàmù náà, Carlos Del Toro, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà fún iléeṣẹ́ ológun ojú omi, dá wọn láre. Àwọn 256 ni ìkéde náà kàn, nítorí pé wọ́n ti fagi lé ìdálẹ́bi àwọn méjì ṣáájú. Wọ́n ní kò yẹ kí wọ́n jùmọ̀ dá wọn lẹ́jọ́ nígbà tí ọ̀ràn wọn kò rí bákan náà, pé wọn kò ní àǹfààní agbẹjọ́rò bó ṣe tọ́, àti pé wọ́n dá wọn lẹ́jọ́ kí ìròyìn ìgbìmọ̀ ìwádìí tó parí. Ìmọ̀ràn 19 ló wà nínú ìròyìn yẹn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n tún iṣẹ́ gbígbé ohun ìjà ṣe. Èyí já sí pé ohun tí àwọn ọmọ náà ń sọ ní oríta Mare Island, pé iṣẹ́ náà kò ní ààbò, wà nínú ìwé iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kò sì sí níwájú àwọn adájọ́. Nígbà tí ìkéde náà dé, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó wà láyé láti gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni wọ́n kà á fún.

Ìlú Port Chicago kò sí mọ́. Iléeṣẹ́ ológun ojú omi ra gbogbo ilé ibẹ̀ ní ọdún 1968, ó sì kó àwọn ará ìlú kúrò. Òkúta ìrántí wà létí omi níbi tí èbúté náà wà tẹ́lẹ̀, orúkọ gbogbo àwọn 320 ló wà lára rẹ̀, àwọn kùkùté òpó igi afárá náà sì ṣì yọrí nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kà wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ọkọ̀ ìjọba tó gbé e wọlé, nítorí pé inú ọgbà ológun ni ibẹ̀ wà, wọ́n sì ṣì ń kó ohun ìjà sínú ọkọ̀ níbẹ̀ dòní.